Ta ni "wọ́n"? Bí a ṣe ń yẹ ìròyìn orí fóònù wò kí a tó fi ránṣẹ́ síwájú

Ẹni tó bá fẹ́ ra iṣu lọ́jà Wandó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, á gbé e sókè, á yí i wò, á fi èékánná họ ọ́ lára, á tẹ orí rẹ̀ wò bóyá ó ti ń rà. Bí ẹni tó ń tà á bá ní láti Sábẹ ló ti wá, á bèèrè ìgbà tí wọ́n wà á. Ẹni yìí kan náà, bí ohùn kan bá dé sórí fóònù rẹ̀ lálẹ́, ohùn ẹni tí kò mọ̀ rí, láti ibi tí kò mọ̀, á ti fi ránṣẹ́ sí gúrúpù mẹ́ta kí ohùn náà tó parí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ WhatsApp àti Facebook fi ti sú ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́dọ̀ wa. Ọgbọ́n tí a fi ń ra iṣu yẹn ni ìtọ́sọ́nà yìí fẹ́ gbé dé orí fóònù.

Àhesọ a máa pa ènìyàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣì ṣọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ kan gba Kútọnu kan pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fọwọ́ kan ọkùnrin, nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ á pòórá. Ó kéré tán, ènìyàn márùn-ún ni àwọn èrò pa, wọ́n sì dáná sun àwọn kan nínú wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà àrùn Ebola, ọ̀rọ̀ mìíràn gba orí fóònù ní Nàìjíríà pé kí àwọn ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán ènìyàn méjì ló ti ara mímu omi iyọ̀ náà kú. Àwọn tó fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí ẹbí wọn, ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é.

Àwọn onímọ̀ kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà tẹ̀lé ìròyìn bí 126,000 tó tàn ká lórí Twitter láàárín ọdún 2006 sí 2017. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2018 ni pé àkókò tí òtítọ́ ń lò kó tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn 1,500 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà èyí tí irọ́ ń lò. Wọ́n yọ ẹ̀rọ tó ń dá ọ̀rọ̀ fọ́n káàkiri kúrò nínú ìṣirò, àbájáde náà kò yí padà. Ọwọ́ àwa ènìyàn ló ń gbé irọ́ sáré. Nítorí náà, ọwọ́ la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tún fóònù yín tò

Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀. Ní Faransé ni a kọ orúkọ bọ́tìnnì síbí, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lórí ọ̀pọ̀ fóònù wa.

Nínú WhatsApp, ẹ wọ "Paramètres", kí ẹ tẹ "Stockage et données". Ẹ ó rí ibi tí wọ́n to ohun tí fóònù lè fà wálẹ̀ fúnra rẹ̀ sí nígbà tí ẹ bá ń lo mégà (dátà). Ẹ yọ àmì kúrò lára fọ́tò, ohùn àti fídíò. Láti ìgbà náà lọ, fídíò kò ní wọlé àfi bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Mégà yín á pẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n èrè tó ju èyí lọ ni pé ẹ ó máa yan ohun tí ẹ fẹ́ wò, dípò kí ó kàn ya lù yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ "Confidentialité", lẹ́yìn náà "Groupes". Bí "Tout le monde" bá wà níbẹ̀, ẹ yí i sí "Mes contacts". Ẹni tí ẹ kò ní nọ́ńbà rẹ̀ kò ní lè kàn fà yín sínú gúrúpù mọ́. Ọ̀nà yìí ni àwọn gaïman, ìyẹn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, fi ń kó ènìyàn jọ sínú gúrúpù "fi 10,000 fránkì sílẹ̀, gba 50,000".

Lẹ́yìn náà, "Compte", kí ẹ tẹ "Vérification en deux étapes". Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà síbẹ̀ tí ẹ ó rántí, kó má jẹ́ ọjọ́ ìbí yín. Nọ́ńbà mẹ́fà mìíràn wà tó yàtọ̀ sí ìyẹn, èyí tí WhatsApp ń fi SMS ránṣẹ́ nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ ṣí àkáǹtì yín lórí fóònù mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ka nọ́ńbà yẹn fún òun, kódà bó jẹ́ orúkọ ọ̀rẹ́ yín lẹ rí níbẹ̀, ẹ má kà á. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gba àkáǹtì ọ̀rẹ́ yín ná.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ọfà

Bí iṣẹ́ kan bá ní ọfà kan àti "Transféré" lórí, ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín kọ́ ló kọ ọ́. Bí ọfà bá di méjì, ó ti gba ọwọ́ márùn-ún ó kéré tán kó tó dé ọwọ́ yín. WhatsApp ti ṣe é láti oṣù kẹrin ọdún 2020 pé irú iṣẹ́ ọlọ́fà méjì bẹ́ẹ̀, ibì kan ṣoṣo lẹ lè fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Bí fóònù bá kọ̀ fún yín láti fi ránṣẹ́ sí ibi púpọ̀, kò bàjẹ́ o.

Àìsí ọfà kò sọ iṣẹ́ di òtítọ́. Ẹni tó bá da ọ̀rọ̀ kọ, tàbí tó gba fídíò sórí fóònù rẹ̀ kó tó tún un fi ránṣẹ́, ọfà ti bọ́ lára rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ẹni tó ń jẹ́ "wọ́n"

Ibí ni iṣẹ́ wà jù. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ kékeré kan tí irọ́ máa ń sá pamọ́ sí: "wọ́n". Wọ́n ní epo kpayo (epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà) ò ní wọlé mọ́. Wọ́n ti mú ajọ́mọgbé kan. "Wọ́n" lè jẹ́ ọba tàbí àgbà kan ṣoṣo tí à ń bọ̀wọ̀ fún, ó lè jẹ́ igba ènìyàn, ó sì lè má jẹ́ ẹnì kankan. Nígbà tí ẹ bá ti gbọ́ "wọ́n ní", ẹ bi ẹni tó fi ránṣẹ́ ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló fojú ara rẹ̀ rí i? Níbo gan-an? Ọjọ́ wo?

Ẹ jẹ́ ká mú irú iṣẹ́ tó máa ń dé wò: "Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ra o! Wọ́n ń fi ọkọ̀ dúdú jí ọmọ gbé níwájú ilé ẹ̀kọ́ ní Kétu. Lónìí ló tún ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ kíákíá." Ilé ẹ̀kọ́ wo? Kétu kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ kan. Ẹni tó bá rí ọkọ̀ á dárúkọ àdúgbò, á lè sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́, bóyá á tiẹ̀ mú nọ́ńbà rẹ̀. "Lónìí" sì rèé: iṣẹ́ tí kò bá ní déètì, "lónìí" ni yóò máa jẹ́ títí ayé. A lè kọ ọ́ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kí ẹni tó gbà á ní òwúrọ̀ yìí máa sáré lọ mú ọmọ rẹ̀. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ló sì yẹ kó kọ́kọ́ fu yín lára: ẹni tó ní ìròyìn gidi máa ń fẹ́ kí ẹ ṣe nǹkan kan, bíi kí ẹ pe kọmisáríà tàbí kí ẹ yẹra fún ọ̀nà kan. Ẹni tó jẹ́ pé kí ẹ ṣáà fi ránṣẹ́ ni gbogbo ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ìrìn iṣẹ́ náà ló ń wá.

Bí wọ́n bá dárúkọ ibì kan, ẹ pe ẹnì kan tó ń gbé ibẹ̀. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, oníṣòwò tó wà lójú ọ̀nà, ọlọ́kadà zém tó máa ń dúró níkorítá ibẹ̀. Ìpè ìṣẹ́jú kan ni. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé a ó pe ẹni tí òun náà wà nínú gúrúpù kan náà pẹ̀lú wa, á ní "bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ti gbọ́ ọ", a ó sì rò pé ẹlẹ́rìí ti di méjì. Bí ẹni tí ẹ pè bá ní orí WhatsApp lòun náà ti rí i, ẹ kò tíì rí ẹlẹ́rìí kankan.

Iṣẹ́ ọmọ tó sọnù gba ìtọ́jú tirẹ̀. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á ti rí ọmọ náà, tí fọ́tò rẹ̀ á sì máa rìn kiri títí yóò fi di géńdé. Bí nọ́ńbà bá ń wọlé, tí wọ́n sì ní àwọn ṣì ń wá a, ẹ fi déètì òní sórí iṣẹ́ náà kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Bí iṣẹ́ náà bá sì dárúkọ ẹnì kan pé olè ni, àjẹ́ ni, tàbí ó gba ọkọ ọlọ́kọ, ẹ dá ọwọ́ dúró pátápátá. Òfin Benin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí à ń pè ní Code du numérique, sọ ọ́ ní abala 550 pé ẹni tó bá dá irọ́ sílẹ̀ mọ́ ẹnì kan, tàbí tó bá gbé irọ́ náà síwájú lórí ẹ̀rọ ayélujára, lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù kan sí oṣù mẹ́fà, tàbí kó san 500,000 sí 1,000,000 fránkì CFA, tàbí kó jẹ méjèèjì. Òfin náà fi ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó gbé e síwájú sí ojú kan. "Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi ránṣẹ́" kì í ṣe àwáwí níbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu a máa fi orin bá oníwà burúkú wí, ṣùgbọ́n ojú agbo ló ti ń ṣe é, lójú gbogbo ìlú, níbi tí àwọn àgbà jókòó sí. Ohùn orí fóònù kò ní agbo, kò sì ní àgbà tó jókòó tì í.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fetí sí ohùn náà lẹ́ẹ̀kejì

Àwa tí à ń gbé ìtòsí ẹnubodè, ohùn Yorùbá láti Èkó tàbí Abẹ́òkúta máa ń dé ọ̀dọ̀ wa bí ẹni pé ilé kejì ni wọ́n ti sọ ọ́. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ má tẹ̀lé ìtàn náà mọ́. Ẹ fetí sí èdè. Ṣé náírà ni wọ́n ń kà, àbí fránkì? Ṣé gómìnà ni wọ́n ń dá lẹ́bi, àbí mérì? Ẹni tó ń pè é ní "ọsibítù" àti ẹni tó ń pè é ní "ópítàlì" kì í sábà dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ kan náà ẹnubodè. Ṣé ohùn Kétu ni, ohùn Sábẹ ni, àbí Yorùbá orí rédíò Èkó? Ẹni tó bá ní Òkè Sábẹ lòun dúró sí, tí kò sí ohun kan lẹ́nu rẹ̀ tó jọ ti ará Sábẹ, ẹ bi í léèrè sí i. Àmì lèyí, kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí àwa náà ń lọ, à ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń já ọ̀pọ̀ irọ́ láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ ṣọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ náà. Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ohùn ẹni tó ń ké nígbà yẹn pé "wọ́n ti ti bọ́dà" kò yàtọ̀ sí ohùn ẹni tó ń ké lónìí. Bí irú rẹ̀ bá dé, ẹ pe oníṣòwò kan tó ń ná ọjà Ìlárá tàbí Ìgòlò kí ẹ tó dá ẹrù yín padà sílé.

Ní báyìí, ẹ̀rọ lè sín ohùn ènìyàn jẹ. Bí ohùn tó jọ ti ọmọ yín tàbí àbúrò yín bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ kíákíá, ẹ má dáhùn síbẹ̀. Ẹ pe nọ́ńbà rẹ̀ tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀. Bí kò bá wọlé, ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ ki oríkì rẹ̀, kó ki ti orílẹ̀ yín mọ́ ọn. Kò sí gaïman tó máa mọ èyí tí ìyá àgbà fi ń jí yín láàárọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: fọ́tò àti fídíò

Fọ́tò tó jẹ́ ti òtítọ́ lè parọ́ bí wọ́n bá yí ibi àti ọjọ́ rẹ̀ padà. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Ẹ gba fọ́tò náà sórí fóònù. Ẹ ṣí Google, kí ẹ tẹ àmì kámẹ́rà aláwọ̀ mèremère tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí à ń kọ̀wé sí, Google Lens nìyẹn. Ẹ mú fọ́tò náà fún un. Á kó àwọn fọ́tò tó jọ ọ́ wá. Kì í ṣe èyí tó wà lókè ni kí ẹ wá, èyí tí déètì rẹ̀ pẹ́ jù ni. Bí fọ́tò "ìjàǹbá àná lójú ọ̀nà Pobè" bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2017, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ti fídíò, ẹ dá a dúró lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ ya fọ́tò ojú fóònù fún Lens: níbẹ̀rẹ̀, láàárín, lópin. Ẹ yan ibi tí ilé, pátákó tàbí ọkọ̀ bá ti hàn. Ojú ènìyàn nìkan kì í ran Lens lọ́wọ́.

Nígbà mìíràn Lens kò ní rí nǹkan kan. Ohun tó sábà ń fà á ni pé wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ ńlá lé fọ́tò lórí, tàbí wọ́n gé e, tàbí wọ́n yí i bí ìgbà tí ènìyàn ń wo dígí. Ẹ gé ibi tí wọ́n kọ̀wé sí kúrò, kí ẹ tún un dán wò. Bí kò bá sì rí nǹkan síbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé òtítọ́ ni. Ó kàn túmọ̀ sí pé ẹ kò tíì mọ̀.

Ojú yín náà ń ṣiṣẹ́. Pátákó Gẹ̀ẹ́sì níwájú gbogbo ilé ìtajà kì í ṣe Sábẹ. Àwọn zém tó wọ ẹ̀wù yẹ́lò, Kútọnu ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹ wo ilẹ̀: bí wọ́n bá ní òjò àná ni, tí erùpẹ̀ sì gbẹ tó ń rú, ẹ bi wọ́n léèrè.

Fún ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ ìjọba, ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ sínú Google ní Faransé, kí ẹ fi "faux" kún un. Africa Check, tó ní ọ́fíìsì ní Dakar, àti AFP Factuel máa ń yẹ irú rẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àdírẹ́sì ojúlé (lien) tí wọ́n ní kí ẹ tẹ̀

Ọ̀pọ̀ ojúlé ìjọba Benin ló máa ń parí sí gouv.bj. Ẹ ka àdírẹ́sì náà láti ibẹ̀rẹ̀ títí dé ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ (/) tó tẹ̀lé orúkọ ojúlé, kí ẹ wo ohun tó kángun sí i. Bí gouv.bj ló kángun sí i, tí àmì ìdánudúró (.) sì yà á kúrò lára ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ó dára. Bí "gouv" àti "bj" bá wà níwájú tí ọ̀rọ̀ mìíràn sì wà lẹ́yìn wọn kó tó kan ìlà náà, ti gaïman ni. Ojúlé tó bá ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá kí ẹ tó gba ẹ̀bùn, ẹ ti í pa.

Lórí Facebook, ẹ má ṣe bá irọ́ jà lábẹ́ rẹ̀. Ìbínú yín tí ẹ kọ síbẹ̀, ẹ̀rọ náà kà á sí pé ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ènìyàn, á sì tún gbé e lọ síwájú àwọn mìíràn.

Ìgbésẹ̀ keje: bí ó bá jẹ́ àgbà ló fi ránṣẹ́

Ibí ló ti ń ṣòro jù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ti ń ṣì í ṣe. Tọ́ntọ̀n, ìyẹn ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí wa, fi ohùn kan sínú gúrúpù ẹbí pé omi ewé kan ń wo ìtọ̀ ṣúgà sàn, kí àwọn tó ń lo oògùn fi í sílẹ̀. Ọmọ kan á fi ẹ̀rín dá a lóhùn níwájú ọgọ́rin ènìyàn, tàbí kó fi ìwé Faransé gígùn síbẹ̀ fún ẹni tí kì í ka Faransé. Tọ́ntọ̀n ò ní yọ ọ́ mọ́ láé, nítorí bó bá yọ ọ́, ó ti gbà pé ọmọdé ti bú òun.

Ẹ pè é, tàbí kí ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí i níkọ̀kọ̀, ní Yorùbá. Báyìí: "Ẹ káàsán, tọ́ntọ̀n. Ẹ ṣeun tí ẹ̀ ń ronú nípa wa. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi sí gúrúpù lórí omi ewé yẹn. Mo bi nọ́ọ̀sì léèrè, ó ní ẹni tó bá fi oògùn ṣúgà rẹ̀ sílẹ̀ lójijì lè dákú. Àǹtí wa tó wà ní Sábẹ ń lo oògùn yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ fún wọn. Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́ràn sí lẹ́nu." Lóòótọ́, ẹ gbọ́dọ̀ ti bi nọ́ọ̀sì léèrè kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀.

Bó bá kọ̀, ẹ wá ẹgbẹ́ rẹ̀ lágbà kó bá a sọ ọ́. Ẹni tó jẹ́ alábòójútó gúrúpù lè yọ iṣẹ́ ẹlòmíràn kúrò fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo gúrúpù á rí i pé òun ló yọ ọ́. Ẹ má ṣe é sí àgbà láìkọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, àfi bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn tàbí orúkọ ẹnì kan tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ pa á. Ìyẹn, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́, kí ẹ sì pe àgbà náà lójú ẹsẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Ní ọjọ́ tí àhesọ bá gbóná, alábòójútó lè ṣe é kí àwọn alábòójútó nìkan lè sọ̀rọ̀ nínú gúrúpù. Kó sọ ìdí rẹ̀ kó tó tì í, kó sì ṣí i padà lọ́jọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́ ná

Ẹ ní bí ọjọ́ méjì àtààbọ̀ láti yọ ọ́ kúrò lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ tẹ iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀, kí ẹ yan "Supprimer", kí ẹ mú èyí tó kan gbogbo ènìyàn, nítorí èyí tó kan ẹ̀yin nìkan kò yọ ọ́ lójú ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwọn mìíràn ti gbé síwájú kò ní tẹ̀lé e, nítorí náà yíyọ nìkan kò tó.

Ibi tí irọ́ gbà ni àtúnṣe gbọ́dọ̀ gbà: gúrúpù kan náà, èdè kan náà. Bí ó bá jẹ́ ohùn ni, ẹ fi ohùn tún un ṣe, nítorí ìyá tó gbọ́ ọ kò ní ka ìwé. Ẹ má tún fi fọ́tò irọ́ náà síbẹ̀ láìkọ "IRỌ́" gàdàgbà lé e lórí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn á gé àlàyé yín kúrò, á tún máa gbé fọ́tò náà lọ. Kó má ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ, bó bá gùn, wọn kò ní gbọ́ ọ parí:

"Ẹbí, ẹ káalẹ́. Lánàá, mo fi fọ́tò ọkọ̀ tó jóná síbí, mo ní ojú ọ̀nà Pobè ni. Fọ́tò náà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2017, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa. Èmi ni mo ṣì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti fi ránṣẹ́ síwájú, kó fi ohùn mi yìí tẹ̀lé e."